Bí ẹ ṣe lè fi ìdọ́gba kan ṣírò ohun tó ń pọ̀ sí i àti ohun tó ń dínkù

Ẹnì kan fẹ́ lọ sí àìsùn. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó la obì, ó rún un lẹ́nu, oorun sì dá lójú rẹ̀. Kaféènì ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú obì tó ń lé oorun, òun náà ló wà nínú kọfí. Nínú ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, nǹkan bíi wákàtí 5 ni kaféènì fi ń dín sí ìdajì. Ká sọ pé 100 mílígíráàmù ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni yìí. Ní aago mẹ́ta òru, ó ku 50. Mélòó ni yóò kù ní aago mẹ́jọ àárọ̀?

Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo bi ní ìbéèrè yìí ló dáhùn kíá pé kò ní ku nǹkan kan: wákàtí 5 àkọ́kọ́ kó ìdajì lọ, wákàtí 5 kejì á kó ìdajì yòókù. Rárá o. 25 ni yóò kù. Ní aago kan ọ̀sán, 12.5. Ara kì í yọ kaféènì bí ẹni tó ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀, tó ń san iye kan náà lóṣooṣù títí tí gbèsè fi tán. Ìdá kan nínú ohun tó bá ṣì wà nílẹ̀ ló máa ń yọ. Bí ohun tó wà nílẹ̀ ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń jáde náà ń dínkù.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ti pàdé dy/dt àti integration rí, bóyá ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì tàbí poli, tó lè ṣe é nínú ìdánwò ṣùgbọ́n tí kò dá a lójú ohun tí òun ń ṣe. Ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tó ń dá wa dúró ni pé a máa ń há a sórí kí a tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà, a ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu ní Yorùbá, ká tó fi àmì kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró: *bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ń yára yí padà tó.*

Ẹ gbé ohun tí ẹ fẹ́ ṣírò síwájú gbólóhùn yìí, kí ẹ wò ó bóyá ó bá a mu. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà dán an wò ni láti béèrè pé: bí mo bá sọ iye tó wà nílẹ̀ di ìlọ́po méjì, ṣé ìyára rẹ̀ náà á di ìlọ́po méjì? Omi ẹ̀rọ tó ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù kò bá a mu, nítorí omi kì í yára sí i torí pé dúrọ́ọ̀mù ti ń kún. Aránṣọ tó ń rán aṣọ 4 lójúmọ́ kò bá a mu. Ì báà ti rán ọgọ́rùn-ún, 4 náà ni yóò rán lọ́la. Irú èyí, ìlà gbọọrọ ni yóò fà lórí gíráàfù, ìlọ́po lásán sì ti tó láti ṣírò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń mú ògì kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń pín sí méjì. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún ló ń pín. Bí wọ́n bá di ẹgbàá, ẹgbàá ni yóò máa pín. Gbèsè tí èlé ń gun orí èlé rẹ̀ bá a mu. Àwọn ènìyàn ìlú bá a mu dé ìwọ̀n kan. Kaféènì inú ẹ̀jẹ̀ náà bá a mu, àmọ́ dídínkù ni tirẹ̀.

Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí. Gbogbo èyí tó kù, ẹ̀rọ ìṣirò lè bá yín ṣe é. Èyí nìkan ni kò lè bá yín ṣe.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ gbólóhùn náà ní àmì

Ẹ jẹ́ kí y dúró fún iye tó wà nílẹ̀, kí t dúró fún àkókò. Ìyára tí y fi ń yí padà ni dy/dt. Gbólóhùn wa wá di:

dy/dt = ky

Ìdọ́gba tí dy/dt bá wà nínú rẹ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní differential equation. k jẹ́ nọ́ńbà kan tí kì í yí padà ní gbogbo àsìkò tí a ń ṣírò, òun ló ń sọ bí nǹkan náà ṣe lágbára tó láti pọ̀ tàbí láti dínkù. Bí k bá ju òdo lọ, y ń pọ̀ sí i. Bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú k, y ń dínkù. Ìdọ́gba kan náà ni fún méjèèjì, kò sí ìdí láti há méjì sórí.

Ẹ kọ bí ẹ ṣe ń ka àkókò sẹ́gbẹ̀ẹ́ k látìbẹ̀rẹ̀: ṣé ní wákàtí ni, àbí ní ìṣẹ́jú, àbí ní ọdún. Ẹni tó bá ṣírò k ní wákàtí, tó wá fi ìṣẹ́jú sí àyè t, yóò rí ìdáhùn tó jọ òtítọ́ tí kì í sì í ṣe òtítọ́. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í pariwo.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣa y sí apá kan, t sí apá kejì

Bí ẹ bá ti ṣa ẹ̀wà rí, ẹ ti mọ èyí. Ẹ ó da ẹ̀wà sínú atẹ, ẹ ó kó òkúta lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun gbogbo tó bá ní y nínú, ẹ gbé e sí apá òsì. Ohun gbogbo tó bá ní t, ẹ gbé e sí apá ọ̀tún. Ẹ fi y pín apá méjèèjì, kí ẹ sì gbé dt kọjá:

dy/y = k dt

Leibniz, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ọgbọ́n yìí nínú lẹ́tà tó kọ sí Huygens, onímọ̀ bíi tirẹ̀, ní 1691. Ìdọ́gba tó bá gbà kí a ṣa á báyìí ni wọ́n ń pè ní separable. Kì í ṣe gbogbo ìdọ́gba ló ń gbà. dy/dt = ty gbà, torí pé ìsọdipúpọ̀ ló so t àti y pọ̀, ẹ lè fi y pín in kí wọ́n tú ká. dy/dt = t + y kò gbà. Ìròpọ̀ ti lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ibi yòówù kí ẹ fà á sí, ọ̀kan á máa wọ́ èkejì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá bá irú èyí pàdé, ọ̀nà mìíràn wà fún un, ẹ má fi tipátipá ṣa á.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe integration ní apá méjèèjì

Apá òsì yóò di ln y, apá ọ̀tún yóò di kt pẹ̀lú C:

ln y = kt + C

Ìbéèrè kan ni ln ń bi wá: kí ni a ó gbé sórí e kí ó tó di nọ́ńbà yìí? Ní ti e fúnra rẹ̀, nọ́ńbà kan ni, nǹkan bíi 2.71828. Ọ̀rọ̀ èlé ni Jacob Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò kan, ń rò ní 1683 nígbà tó pàdé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú náírà kan. Ká ní ẹnì kan yá yín ní náírà 1 tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 1 lọ́dún. Bó bá gba èlé lẹ́ẹ̀kan lópin ọdún, ẹ ó san 2. Bó bá pín èlé náà sí méjì, tó ń gbà á ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, tí èlé sì ń gun orí èlé, ẹ ó san 2.25. Lóṣooṣù: 2.613. Lójoojúmọ́: 2.7146. Bó bá ń gbà á ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ńkọ́, àní ní gbogbo ìgbà tí ojú bá ń ṣẹ́? Owó náà kò ní lọ láìlópin. 2.71828 ló máa sún mọ́, kò sì ní kọjá rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni e. Ìdí nìyí tí e fi ń yọjú níbi gbogbo tí nǹkan bá ti ń pọ̀ sí i láti inú ara rẹ̀ láìsinmi.

Ẹ wá wo C dáadáa, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àmì yìí gbọ́dọ̀ wọlé nísinsìnyí, lórí ìlà yìí gan-an, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ nílé máa ń gbàgbé rẹ̀ títí dé ìparí, á wá rántí, á sì fi í kún ìdí: y = e^(kt) + C. Mo ní kó fi òdo sí àyè t, kó fi 100 sí àyè y. Ó rí i pé C jẹ́ 99. "Ẹ̀gbọ́n, ó ṣiṣẹ́!" Mo ní kó wá ṣírò ohun tí yóò kù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Kaféènì rẹ̀ kọ̀, kò kúrò lára. 99 náà ló wà níbẹ̀ títí ayé. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò gbàgbé mọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yọ y jáde

Ẹ gbé apá méjèèjì sórí e. Ní apá òsì, e àti ln á fagi lé ara wọn, y nìkan á kù:

y = e^(kt + C) = e^C × e^(kt)

Nọ́ńbà lásán ni e^C, kò ní t nínú. Ẹ pè é ní A:

y = A e^(kt)

Kí ni A? Ẹ fi òdo sí àyè t. e^0 jẹ́ 1, y wá di A. Iye tó wà nílẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìkà ni A. Ẹ rí i pé C tí a fi kún ln y ti di ohun tí a fi ń sọ e^(kt) di púpọ̀. Ohun tí ọmọ yẹn kò rí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá k láti inú ohun tí ẹ wọ̀n

Ẹ nílò ìwọ̀n méjì: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Láti inú y = A e^(kt), ẹ ó rí i pé

k = ln(y/A) ÷ t

Fún kaféènì wa, A jẹ́ 100, y jẹ́ 50 lẹ́yìn wákàtí 5. ln(0.5) jẹ́ −0.6931. Ẹ fi 5 pín in: k = −0.1386 ní wákàtí kan. Àmì ìyọkúrò ti yọjú fúnra rẹ̀, ẹ kò nílò láti fi ọwọ́ fi í síbẹ̀.

Ẹ lè wá béèrè ohunkóhun. Mélòó ló kù ní aago mẹ́fà àárọ̀, lẹ́yìn wákàtí 8? 100 × e^(−0.1386 × 8), ìyẹn 33. Ìgbà wo ni yóò ku 10 péré? t = ln(0.1) ÷ −0.1386, wákàtí 16.6: aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ kejì kọjá díẹ̀. Ẹni tó rún obì ní alẹ́ kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu tí oorun ọ̀sán kò bá wá.

k yìí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ara ẹni tó ń mu sìgá máa ń yára yọ kaféènì, ara aboyún máa ń pẹ́ gan-an kó tó yọ ọ́. Ìdọ́gba ò yí padà láàárín wọn o, k ló yí padà. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wọn nǹkan náà, kí ẹ má yá k ẹlòmíràn lò.

Àkókò tí nǹkan fi ń dín sí ìdajì jẹ́ 0.6931 tí a fi k pín, láìka àmì. Àkókò tó fi ń di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò ní í ṣe pẹ̀lú iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ rárá. Láti 100 dé 50, wákàtí 5. Láti 2 dé 1, wákàtí 5.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dá a padà sínú ìdọ́gba

Kíákíá lèyí. Ẹ wá dy/dt láti inú y = A e^(kt). Yóò jẹ́ kA e^(kt), ìyẹn ky. Ó bá ohun tí a kọ ní Ìgbésẹ̀ 2 mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ ti ṣìnà níbì kan.

Ká fi ka ènìyàn

Ìkànìyàn Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá 1991 rí 88,992,220 ènìyàn. Èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹta 2006 rí 140,431,790. Ọdún 14 àti oṣù 4 ló wà láàárín wọn, ìyẹn ọdún 14.33.

k = ln(140,431,790 ÷ 88,992,220) ÷ 14.33

Ìpín yẹn jẹ́ 1.578, ln rẹ̀ jẹ́ 0.4562, k sì jẹ́ 0.0318 lọ́dún. Ẹ fi í pín 0.6931: ọdún 21.8 ni yóò gbà kí a di ìlọ́po méjì bí k yìí kò bá yí padà.

*Bí k yìí kò bá yí padà.* Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibi tí mo ti máa ń rí i tí àwọn ọlọ́pọlọ ènìyàn ń subú nìyí. Ẹ fi ọdún 10 sí àyè t láti 2006, ẹ ó rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 193 fún 2016. Ó ṣeé gbà létí. Ẹ wá fi 100 síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò kò ní kọ̀. Yóò sọ pé ní 2106, Nàìjíríà yóò ní bílíọ̀nù 3.39. Ilẹ̀ wo? Omi wo? Ìdọ́gba kò mọ̀ pé ilẹ̀ ní ààlà. Kò mọ̀ pé àwọn obìnrin tó bá lọ sílé ìwé máa ń bí ọmọ níwọ̀n. A sọ fún un pé k kì í yí padà, ó sì gbà wá gbọ́. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, k náà kì í sì í dúró sójú kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín ènìyàn.

Verhulst, onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀mù, ló wá ojútùú sí èyí ní 1838. Ó fi ìdádúró kan kún ìdọ́gba náà: dP/dt = kP(1 − P/M), tí M jẹ́ iye tí ilẹ̀ lè gbà. Nígbà tí P ṣì kéré sí M gan-an, ó ń hùwà bíi tiwa. Bí P bá ti sún mọ́ M, ohun tó wà nínú àkámọ́ á sún mọ́ òdo, ìyára á rọlẹ̀. Ìdọ́gba yìí náà ṣeé ṣa, àmọ́ integration rẹ̀ gba sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ mọ tàkọ́kọ́ dáadáa ná.

Ní ti Nàìjíríà, ohun tó ń dùn mí nínú ìṣirò yìí kì í ṣe ìdọ́gba. Ìwọ̀n ló ń dùn mí. Ìkànìyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ẹni tó bá ń sọ iye tí a jẹ́ lẹ́yìn 2006, k àtijọ́ tàbí àbá ló ń lò. Kò sí ìdọ́gba tó lè rọ́pò kíkà.

Ká fi wo ẹ̀yìn

Ìdọ́gba yìí mọ ohun tó ti kọjá náà. Ní 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga lẹ́bàá abúlé Dufuna, ní ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Yóbè lónìí, kan igi kan lábẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, odindi igi tí wọ́n gbẹ́. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ó tó nǹkan bí 8,000 ọdún?

Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ń gba kábọ́ọ̀nù 14 díẹ̀, irú kábọ́ọ̀nù kan tó máa ń dínkù fúnra rẹ̀, láti inú afẹ́fẹ́ tàbí oúnjẹ. Ọjọ́ tí igi bá kú, kò gbà mọ́, èyí tó wà nínú rẹ̀ á sì máa dínkù, ìdajì ní ọdún 5,730 kọ̀ọ̀kan. Willard Libby, ará Amẹ́ríkà, ló fi ọgbọ́n yìí ka ọjọ́ orí nǹkan ní 1949. Ó gba ẹ̀bùn Nobel torí rẹ̀ ní 1960.

k = −0.6931 ÷ 5,730 = −0.000121 lọ́dún. Ká sọ pé a yẹ ègé igi kan wò, a rí i pé ìdá 38 nínú 100 kábọ́ọ̀nù 14 rẹ̀ ló kù. t = ln(0.38) ÷ −0.000121. ln(0.38) jẹ́ −0.9676. Ó di ọdún 7,997. Igi tó bá dàgbà tó ti Dufuna, ohun tó máa kù nínú rẹ̀ kò ní jìnnà sí ìyẹn. Àwọn onímọ̀ máa ń tún nọ́ńbà náà ṣe díẹ̀, nítorí kábọ́ọ̀nù 14 inú afẹ́fẹ́ kò fìgbà gbogbo dọ́gba. Òrùka inú igi ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Ẹ̀kọ gbígbóná, àti àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀

Ẹ bu ẹ̀kọ mímu sínú kọ́ọ̀bù. Ó gbóná tó 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yàrá wà ní 30. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ̀kọ ti di 70. Ìgbà wo ni yóò di 45, kí ọmọ lè mu ún?

Ẹni tó bá kánjú á mú 90 àti 70, á sì wá k tààrà: ln(70/90) ÷ 10, −0.0251. Ẹ wo ohun tí k yìí sọ lẹ́yìn wákàtí kan: 90 × e^(−1.508), ìyẹn 19.9. Ẹ̀kọ tútù ju yàrá tó wà nínú rẹ̀ lọ, láìsí fíríìjì! Bí ẹ bá dúró sí i, yóò ní ó ń sún mọ́ òtútù yìnyín nílé yín.

Ìgbésẹ̀ 1 ni wọ́n fò. Ẹ padà sọ ọ́ lẹ́nu: kí ló ń mú kí ẹ̀kọ yára tutù? Kì í ṣe bó ṣe gbóná tó. Bó ṣe gbóná *ju yàrá lọ* tó ni. Ohun tí Newton tẹ̀ jáde ní 1701 nìyẹn. Nítorí náà:

dT/dt = k(T − 30)

Ẹ pe T − 30 ní D. 30 kì í yí padà, torí náà ìyára D àti ìyára T jẹ́ ọ̀kan náà, ìdọ́gba á sì di dD/dt = kD, èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. D bẹ̀rẹ̀ ní 60, ó di 40 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. k = ln(40/60) ÷ 10 = −0.0405 ní ìṣẹ́jú kan. A fẹ́ kí T di 45, ìyẹn ni pé kí D di 15. t = ln(15/60) ÷ −0.0405, ìṣẹ́jú 34 àti díẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, T á jẹ́ nǹkan bíi 35. Ẹ fi ọwọ́ kan kọ́ọ̀bù, ẹ ó rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ dán èyí wò nílé bí ẹ bá ní tẹmómítà tó lè wọn omi gbígbóná. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fún wákàtí kan, ẹ yọ ìwọ̀n yàrá kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ ln fún ohun tó kù. Bí ẹ bá fi ln yẹn ya gíráàfù pẹ̀lú àkókò, ìlà gbọọrọ ló yẹ kó jáde, dídagun rẹ̀ ni k. Bí ìlà náà bá tẹ̀, ìwọ̀n yín ń sọ fún yín pé gbólóhùn Ìgbésẹ̀ 1 kò bá nǹkan náà mu pátápátá. Ẹ gba ìwọ̀n gbọ́ ju ìdọ́gba lọ. Ọ̀nà yìí kan náà ni mo fi ń yẹ ohunkóhun wò kí n tó gbà pé ó bá a mu, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ àìsàn tó ń ràn.

Ọ̀rọ̀ owó rán mi létí ohun kan. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé gbèsè ń fi ìdá 20 nínú 100 pọ̀ lọ́dún, tí wọ́n ń fi èlé náà kún un lẹ́ẹ̀kan lópin ọdún, k kì í ṣe 0.20. Lẹ́yìn ọdún kan, 100 di 120, nítorí náà k = ln(1.2), ìyẹn 0.1823. Ìyàtọ̀ náà dà bíi pé ó kéré. Ẹ fi méjèèjì ṣírò náírà mílíọ̀nù 1 fún ọdún 10: 0.1823 yóò fún yín ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.19, 0.20 yóò fún yín ní mílíọ̀nù 7.39. Ó lé ní mílíọ̀nù kan tí ẹnikẹ́ni kò jẹ.

Ẹ gbìyànjú èyí fúnra yín

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán ya àwòrán egungun, wọ́n máa ń gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí technetium-99m, ohun kan tó ń tú ìtànṣán jáde, wà nínú rẹ̀. Wákàtí 6 ló fi ń dín sí ìdajì. Ká sọ pé ìwọ̀n ìtànṣán tó wà nínú ìgò jẹ́ 800 ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ wá k. Ẹ sọ iye tí yóò kù ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ sọ ìgbà tí yóò di 50.

Ẹ fi ọwọ́ bo ìlà tó tẹ̀ lé èyí títí ẹ ó fi ṣe é tán.

k = −0.1155 ní wákàtí kan. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wákàtí 9 ti kọjá, 283 ló kù. Yóò di 50 ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì: 800, 400, 200, 100, 50, ìdajì mẹ́rin, wákàtí 24.